Ẹ Wo Ìfọwọ́sí Kí Ẹ Tó Ta Oko

Ọ̀rọ̀ ìwé kan ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ìwé tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba oko lọ́wọ́ ẹbí mi kan ní Akínmọ̀ọ́rìn.

Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà wa yóò mọ Akínmọ̀ọ́rìn. Bí ènìyàn bá ti Ìbàdàn wọ ọkọ̀, tí ó gba Mọ́níyà kọjá, tí ó dé Fìdítì níbi tí àwọn ìyá wa ti ń ta ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó lẹ́bàá títì, ó ti wọ ilẹ̀ Afijió nìyẹn, Akínmọ̀ọ́rìn kò sì jìnnà mọ́. Ìnáwó ni mo bá lọ. A ti jẹun tán, mo ń múra àtipadà, ni àbúrò ìyá mi ọkùnrin pè mí sí ẹ̀yìn ilé. Ó yọ ìwé kan nínú àpò agbádá rẹ̀, ó ní:

"Ìwọ ni o mọ̀wé nínú wa. Bá mi wo èyí. Wọ́n ti gba àbúrò rẹ sí yunifásítì kan ní ìlú Òyìnbó. Mo ti rí ẹni tí yóò ra oko kájú mi. Ní ọ̀la ni yóò kó owó wá."

Mo bá a yọ̀. Mo wá béèrè ohun tí ọmọ náà fẹ́ lọ kọ́. Ó ní, "Wẹ́fíà ni."

Ẹ̀yin àgbà mọ wẹ́fíà. Ibẹ̀ ni ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ kò fún ní owó oúnjẹ ọmọ ń lọ. Ibẹ̀ ni a ń mú ọmọ tí ó sọnù lọ títí a ó fi rí àwọn òbí rẹ̀. Iṣẹ́ tí ó wà nídìí rẹ̀ ni àwọn Òyìnbó ń pè ní Social Work, ó sì gbòòrò ju ìjà tọkọtaya lọ. Ní UCH ní Ìbàdàn, àwọn òṣìṣẹ́ yìí ní ẹ̀ka tiwọn, àwọn ni ó ń bá aláìsàn tí kò ní ẹnì kan sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń wá ẹbí rẹ̀ kàn. Iṣẹ́ wọn kan àwọn ọmọ tí ó ṣẹ̀ sófin. Nínú òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì sọ di tirẹ̀ ní 2006, iṣẹ́ wọn pọ̀.

Ẹ rò ó wò ná. Ẹnì kan yóò wọ ilé yín, yóò jókòó, yóò wo ọmọ yín, yóò wo ibi tí ó ń sùn sí. Yóò sì lọ sọ fún adájọ́ bóyá kí a fi ọmọ náà sílẹ̀ fún yín tàbí kí a gbà á lọ́wọ́ yín. Bí ọmọ bá dá lẹ́sẹ̀, ta ni nínú yín tí yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó ti ka ìwé nípa egungun títò, ṣùgbọ́n tí kò to egungun kankan rí? Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ìlú kò ṣe fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá ṣáà ti ní ìwé-ẹ̀rí. Wọ́n yan àwọn tí yóò máa wo ibi tí a ti ń kọ́ ọ, àti bí a ti ń kọ́ ọ. Bí wọ́n bá wò ó tí ó tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn a fọwọ́ sí i. Ohun tí à ń pè ní ìfọwọ́sí nìyẹn.

Mo padà sórí ìwé náà. Oyè Másítà ni. Ọ̀rọ̀ Social Work wà nínú orúkọ rẹ̀ gbàgàdà. Ọdún kan ni, owó rẹ̀ sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi tún un kà lẹ́ẹ̀mejì. Ní ojú ewé kẹta, ní ìsàlẹ̀, ni mo ti rí i tí wọ́n kọ ọ́ wẹ́wẹ́ pé ẹni tí ó bá jáde nínú ẹ̀kọ́ yìí kò lè torí rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ Social Work ní England.

Mo ní kí wọ́n pe ọmọ náà. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Mo fi ibẹ̀ hàn án, ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, orúkọ yunifásítì yẹn ni mo wò. Gbogbo ayé ni ó mọ̀ ọ́n."

N kò lè sọ pé yunifásítì náà purọ́ o. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sì wúlò fún ẹni tí ó ti ní ìwé-àṣẹ iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ tí ó fẹ́ fi ìmọ̀ kún ìmọ̀, tàbí ẹni tí ó fẹ́ di olùkọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni ọmọ yìí fẹ́ lọ ṣe, owó oko ni bàbá rẹ̀ sì fẹ́ fi rán an.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti rí ní England fún yín. Láti 2005 ni òfin wọn kò ti gba ẹnikẹ́ni láyè láti pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ Social Work láìforúkọ sílẹ̀. Láti oṣù Kejìlá 2019, àjọ tí ń jẹ́ Social Work England ni ó ń forúkọ wọn sílẹ̀, òun náà ni ó sì ń fọwọ́ sí ẹ̀kọ́. Àwọn ẹ̀kọ́ tí ó fọwọ́ sí wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni láti kà. Fún ẹni tí dìgírì àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ ti ìmọ̀ mìíràn, Másítà tí ó ní ìfọwọ́sí sábà máa ń gba ọdún 2. Nínú rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lo ọjọ́ 200 láti kọ́ṣẹ́. 30 nínú rẹ̀ lè jẹ́ ti ìdánrawò ní ilé-ẹ̀kọ́, ìyókù di ẹnu iṣẹ́ gan-an, lábẹ́ ojú ọ̀gá. Ọdún kan ṣoṣo tí ó wà nínú ìwé tí mo mú lọ́wọ́ ni ó kọ́kọ́ mú mi fura. Scotland, Wales àti Northern Ireland ní àjọ tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìwé ọ̀kan ni ti gbogbo wọn.

Ní Amẹ́ríkà, àjọ tí ń jẹ́ CSWE, tí a dá sílẹ̀ ní 1952, ni ó ń fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ yìí. Oyè tí à ń wá níbẹ̀ ni Master of Social Work, ìkọ́ṣẹ́ inú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní wákàtí 900. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń fúnni ní ìwé-àṣẹ, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sì máa ń béèrè ni bóyá CSWE mọ ẹ̀kọ́ tí o kà. Ẹni tí ó gba oyè tirẹ̀ ní Nàìjíríà lè kó ìwé rẹ̀ fún àjọ yìí kan náà, wọ́n ní ètò tí wọ́n fi ń wo ìwé àwọn tí ó ti òkèèrè wá, bóyá ó bá tiwọn dọ́gba. Social Work England náà a máa gbé ìwé irú wọn yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí àwọn kan gbà pé ẹni tí ó bá kàwé nílé ti ti ilẹ̀kùn òkèèrè mọ́ ara rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Nílé wa ńkọ́? Ọ̀nà tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ ni ẹnu géètì Yunifásítì Ìbàdàn wà, wọ́n sì ní ẹ̀ka Social Work. Yunifásítì Èkó ní i. Yunifásítì tí ó wà ní Nsukka náà ní i. Àjọ tí ń mójú tó àwọn yunifásítì, tí a ń pè ní NUC, ti wà láti 1962. Ó máa ń rán àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n lọ wo ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan: iye àwọn olùkọ́ àti ìwé-ẹ̀rí wọn, ilé ìkàwé, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀kọ́ dìgírì tí ó bá yege dáadáa a gba ìfọwọ́sí kíkún ọdún 5. Èyí tí ó bá kù díẹ̀ káàtó a gba ti ọdún 2. Èyí tí ó bá kùnà kò gbọdọ̀ gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun mọ́. Ẹ rí i pé ìfọwọ́sí kì í ṣe ilà ojú tí a kọ lẹ́ẹ̀kan tí kò ní parẹ́; ó ní ọjọ́ tí ó ń tán. Ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ni a sì ń fún. Ilé lè lókìkí kí yàrá kan nínú rẹ̀ máa jò. Ẹni tí ó ń wá Másítà kò sì gbọdọ̀ gbà kí wọ́n fi ìfọwọ́sí dìgírì àkọ́kọ́ dá a lóhùn. Ti Másítà gan-an ni kí ó béèrè.

Ní oṣù Kejìlá 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tí ó fún iṣẹ́ Social Work ní ipò iṣẹ́ tí ó ní òfin tirẹ̀ ní Nàìjíríà. Kí ẹni tí ó ń rò pé nílé wa ẹnikẹ́ni lè ṣe é, kí ó tún inú rò.

Kí n má gbàgbé ti Kútọnu. Ní ìparí 2023, oníròyìn kan ní ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn Daily Nigerian kọ ọ́ síta bí òun ti gba dìgírì níbẹ̀ láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6. Kí oṣù kìn-ín-ní 2024 tó tàn lójú, ìjọba àpapọ̀ ti dá gbígba dìgírì láti Benin àti Togo wọlé dúró ná. Àwọn ọmọ tí ó jókòó kàwé ní tòótọ́ bá wọn jẹ nínú ìyà náà, ó sì dùn mí.

Àbúrò ìyá mi gbọ́ gbogbo èyí. Ó ní, "Ó dára. Ibo wá ni kí ó lọ?"

Mo ní kí a bi ọmọ náà pé níbo ni ó fẹ́ ti ṣiṣẹ́. Ẹnu yà á. Ẹnikẹ́ni kò tíì bi í bẹ́ẹ̀. Ó ronú, ó ní òun fẹ́ bá àwọn ọmọdé ṣiṣẹ́, ní ìpínlẹ̀ wa níhìn-ín, bí ó bá sì yá, òun lè lọ sí òkèèrè. Mo ní kí ó mú gègé, kí ó kọ lẹ́tà.

Ẹ̀yin náà, ẹ mú gègé yín. Ẹ kọ ọ́ báyìí pé: "Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ̀kọ́ Másítà yìí gan-an ni ó ní ìfọwọ́sí, àbí yunifásítì lápapọ̀? Ta ni ó fọwọ́ sí i? Ọjọ́ wo ni ìfọwọ́sí náà yóò tán? Bí mo bá jáde, ṣé mo lè forúkọ sílẹ̀ láti ṣiṣẹ́ ní ibi báyìí báyìí? Ọjọ́ mélòó ni n ó fi kọ́ṣẹ́, níbo, lábẹ́ ta ni?" Ẹ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́, kí ẹ sì fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí àjọ tí wọ́n bá dárúkọ pé ó fọwọ́ sí i. Kò sí ẹlẹ́kọ tí yóò sọ pé ẹ̀kọ òun kan.

Mẹ́ta ni ọmọ náà kọ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Méjì nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà dá a lóhùn kíkún. Ìkẹta kò dáhùn títí di òní, ó sì fa ìlà sí orúkọ rẹ̀. Ìbàdàn ni ó ti ń kàwé báyìí, ó sì máa ń wọkọ̀ wálé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọkùnrin tí ó fẹ́ ra oko kájú ti lọ ra ti ẹlòmíràn.