Ta Ni Ó Ni Ọ̀rọ̀ Yìí?



Bí ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn ní Ìsàlẹ̀ Gángan lóru, tí ó sì ké àgò, onílé lè mọ irú ẹni tí ó jẹ́ kí ó tó rí ojú rẹ̀. Bí ó bá pe ṣòkòtò ní sòkòtò, wọn a ní ará Ìbàdàn dé. Bí ó bá pe ilé ní ulé, wọn a ní ọmọ Èkìtì ni. Ṣùgbọ́n ẹnu ẹni tún ní àmì mìíràn tí ó jinlẹ̀ ju èyí lọ, tí etí kì í tètè gbọ́, àfi kí a kà á bí ẹni ń ka owó. Wọ́n ti yẹgi fún ọkùnrin méjì ní Lọ́ńdọ̀nù kí ẹnikẹ́ni tó jókòó ka àmì náà.

Orúkọ tí ó wà lábẹ́ ìwé lè má jẹ́ orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́. Èkó mọ èyí dájú. Ní 1929, ìwé ìròyìn Akéde Èkó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ lẹ́tà obìnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá, tí ó ń ròyìn ìgbésí ayé rẹ̀ fún gbogbo ìlú. Àwọn tí ń kà á gbà pé obìnrin náà wà láàyè. Àṣé Ọ̀gbẹ́ni I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà gan-an, ni ó ń kọ ọ́. Ìyẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára, ó sì dùn ún kà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìjẹ́wọ́ ìpànìyàn ni ńkọ́?

Ọ̀jọ̀gbọ́n onímọ̀ ìṣirò kan wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ rò ó pé a lè fi ìṣirò mọ ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀. Augustus De Morgan ni orúkọ rẹ̀. Ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n bí i sí ní 1806, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò àkọ́kọ́ ní yunifásítì tuntun ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní 1828. Ní 1851 ó kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pé bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá Pọ́ọ̀lù ni ó kọ gbogbo ìwé tí a fi orúkọ rẹ̀ pè nínú Bíbélì, kí a ka gígùn ọ̀rọ̀ inú wọn, kí a sì fi wọ́n wé ara wọn. Àwa olùkọ́ ń ṣe irú rẹ̀ láìka ohunkóhun. Ọmọ tí kì í kọ ju “mo lọ, mo bọ̀” bá mú àròkọ wá, tí “bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé” kún inú rẹ̀, a ti mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fi ọwọ́ kàn án.

Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ tó kan ọ̀ràn ìpànìyàn. Timothy Evans, ará Wales, jẹ́ awakọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé kà. Ní òpin 1949 wọ́n rí òkú ìyàwó rẹ̀ àti ti ọmọbìnrin wọn kékeré. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ọlọ́pàá kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ nígbà mẹ́rin, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni ó bá ara wọn mu. Nínú ọ̀kan ó ní John Christie tí wọ́n jọ ń gbé ilé ni ó mọ̀ nípa ikú ìyàwó òun; nígbà tí ó yá, a kà á pé òun fúnra òun ni ó pa àwọn méjèèjì. Christie jẹ́rìí lòdì sí i. Wọ́n yẹgi fún Evans ní oṣù kẹta 1950. Ní 1953 wọ́n rí òkú àwọn obìnrin mìíràn nínú ilé kan náà, Christie ni ó sì pa wọ́n.

Jan Svartvik, ọmọ ilẹ̀ Swídìn, onímọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ ó sì ka bí gbólóhùn ti so mọ́ gbólóhùn nínú wọn. Ó rí i pé ibi tí Evans ti ń jẹ́wọ́ ìpànìyàn kò rí bí ibi yòókù. Bí ọlọ́pàá ti ń kọ̀wé ni ó rí. Ní 1968 ni ìwé rẹ̀ jáde. Ọbabìnrin ti dárí ji Evans ní 1966, nígbà tí ó ti di òkú ọdún mẹ́rìndínlógún.

Ti Derek Bentley tilẹ̀ hàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, kò mọ̀wé, òye rẹ̀ kò sì ju ti ọmọdé lọ. Ẹnìkejì rẹ̀, Christopher Craig, ni ó yìnbọn pa ọlọ́pàá, nígbà tí ọwọ́ ti tẹ Bentley. Síbẹ̀ Bentley ni wọ́n yẹgi fún, ní oṣù kìíní 1953. Àwọn ọlọ́pàá búra pé òun ni ó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà láìjẹ́ pé wọ́n bi í ní ìbéèrè. Malcolm Coulthard ti Yunifásítì Birmingham ka ìwé náà: ọ̀rọ̀ 582. Ọ̀rọ̀ kékeré kan, “then”, wà níbẹ̀ ní ìgbà 10, ìyẹn ẹyọ kan nínú 58. Nínú ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí lásán, ẹyọ kan nínú 930 ni. Nínú ti ọlọ́pàá, ẹyọ kan nínú 78. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì a sì máa sọ pé “then I”. Ọlọ́pàá ni í máa kọ “I then”, bẹ́ẹ̀ ni ó sì wà nínú ìwé Bentley. Ní oṣù keje 1998 ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé ìdájọ́ náà. Kí n má purọ́, àìṣòdodo adájọ́ àkọ́kọ́ ni ó wọn jù lójú wọn, kì í ṣe “then”.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ mú àròkọ yín méjì, ẹ ka iye “ṣùgbọ́n” inú wọn. Ẹ ka ti ọ̀rẹ́ yín náà, ẹ ó rí nǹkan.

Ní ti Èkó, ọ̀ràn náà le ju ti Lọ́ńdọ̀nù lọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Bentley sọ, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì kọ. Ṣùgbọ́n ìyá ọlọ́jà tí ó sọ Yorùbá ní àgọ́ ọlọ́pàá, tí a kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, èwo ni ẹnìkan lè kà nínú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ mọ́? Àwọn ilé ẹjọ́ wa ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé kí a kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní èdè tí a fi sọ ọ́, kí a tó túmọ̀ rẹ̀. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2007 ní kí a ya fídíò ìjẹ́wọ́, tàbí kí agbẹjọ́rò wà níbẹ̀. Òfin àpapọ̀ ti 2015 ní kí ògbufọ̀ wà fún ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, bí a bá gbé ìwé síwájú yín pé kí ẹ tẹ àtàǹpàkò, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ kà á ní èdè tí ẹ fi sọ ọ́. Bí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò ti ẹnu yín jáde, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó fi ìka kan táǹdáwá.