Ọ̀rọ̀ Olùdarí Ni Abẹ Gé

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa sọ níbi àpèjẹ ìtúnpàdé ẹgbẹ́

 

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, ó rò pé iṣẹ́ ìròyìn ni n ó sọ. Iṣẹ́ ìròyìn ni mo fi ń jẹun lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ní gbogbo alẹ́ Ìṣẹ́gun, ẹ ó bá mi nínú ilé ọtí kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, tí mo di máìkì mú, tí mò ń bi àwọn ènìyàn ní ìbéèrè. Ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ má pariwo. Kóòkù ni mò ń mu níbẹ̀.

Quiz tí mò ń wí yìí kò ṣàjèjì sí yín. Ṣé ẹ rántí bí wọ́n ṣe máa ń kó wa sínú bọ́ọ̀sì lọ bá ilé ìwé mìíràn figagbága nínú quiz àti díbéètì? Kí a tó mọ ìyẹn pàápàá, àwọn ìyá àgbà ti ń pa àlọ́ àpamọ̀ fún wa lálẹ́, kí wọ́n tó bọ́ sórí àlọ́ ìjàpá. Ohun tí òyìnbó ṣe ni pé wọ́n gbé tiwọn lọ sí ilé ọtí. Láàárín ọdún 1970 sí 1979 ni ó tàn kálẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọgbọ́n ajé wà nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́rú, ilé ọtí máa ń dá. Bí ìbéèrè bá wà, àwọn ènìyàn á jókòó fún wákàtí méjì, wọn ò sì ní jókòó lásán láìra nǹkan mu.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹni mẹ́rin sí mẹ́fà á pawọ́ pọ̀ nídìí tábìlì kan, wọ́n á fún ara wọn lórúkọ ẹ̀fẹ̀. Olúkúlùkù á san pọ́n-ùn méjì. Owó yẹn náà ni ẹ̀bùn àwọn tó bá gbégbá orókè. Ìsọ̀rí mẹ́rin ni mo máa ń pín in sí, ìbéèrè mẹ́wàá mẹ́wàá: ìmọ̀ gbogbogbò, orin tí wọ́n á gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwòrán àwọn gbajúmọ̀, àti ìròyìn ọ̀sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń ka ìbéèrè kọ̀ọ̀kan nítorí ariwo. Tí a bá parí, tábìlì kan á gba ìwé tábìlì kejì, wọ́n á máa máàkì fún ara wọn. Bí ẹgbẹ́ méjì bá ta ọ̀mì, mo máa ń bi wọ́n ní ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ iye. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù ló gbà á. Fóònù kò gbọdọ̀ jáde. Òfin kan sì wà tó ga ju gbogbo rẹ̀ lọ: ọ̀rọ̀ olùdarí ni abẹ gé.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ yẹpẹrẹ ni. Ìbéèrè tí gbogbo ayé mọ̀ kò dùn. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ tún burú jù ú lọ. Èyí tó dára ni èyí tí ènìyàn á máa fi ọwọ́ lu orí, pé, "Mo mọ̀ ọ́n, ó wà lẹ́nu mi!" Ìbéèrè gbọ́dọ̀ ṣe ṣáká pẹ̀lú. Bí ẹ bá bèèrè pé ta ni ẹni tó kọ́kọ́ dé ṣóńṣó òkè Everest, ẹ ti dá ìjà sílẹ̀, torí ẹni méjì ló jọ débẹ̀ lọ́dún 1953, Edmund Hillary àti Tenzing Norgay.

Ó dáa. Ní oṣù kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mo bèèrè pé: orílẹ̀-èdè wo ló fẹ̀ jù nílẹ̀ Áfíríkà? N kò yẹ ìwé kankan wò. Kí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò? Inú kíláàsì wa ni mo ti kọ́ ọ, mo sì gbà á nínú ìdánwò: Sùdáàn. Nígbà tí mo pe ìdáhùn, ìyá àgbàlagbà kan, òyìnbó, na ọwọ́ sókè. Ó ní Àlgéríà ni àwọn kọ. Ó ní, "Ṣé ó dá ọ lójú?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màmá, Áfíríkà ni wọ́n bí mi sí."

Gbogbo ilé ọtí bú sẹ́rìn-ín. Ìyá náà jókòó. Máàkì kan ṣoṣo ni wọ́n fi pàdánù ọgọ́ta pọ́n-ùn.

Nínú bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ lọ sílé ni mo yọ fóònù láti wò ó. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù keje ọdún 2011 ni Gúúsù Sùdáàn gba òmìnira, tí Sùdáàn pín sí méjì. Láti ọjọ́ náà ni Àlgéríà ti fẹ̀ jù. Ó ju ìlọ́po méjì Nàìjíríà lọ. Èmi oníròyìn! Mo gbọ́ ìròyìn òmìnira yẹn nígbà tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n n kò padà lọ tún ohun tó wà lórí mi ṣe.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi bá ara mi jà. Owó ti lọ. Àwọn tó jẹ ẹ́ ti fi mu ọtí. Ta ni yóò tún rántí? Ọ̀rọ̀ olùdarí kúkú ni abẹ gé. Ká sòótọ́, kì í ṣe owó ló ń dùn mí jù. Èmi ọmọ Áfíríkà tí wọ́n fi ṣe olùdarí, tí mo fi ilẹ̀ bàbá mi pa ìyá arúgbó lẹ́nu mọ́, bí mo bá wá jẹ́wọ́ pé Áfíríkà gan-an ni mo ṣì, ojú wo ni n ó fi wò wọ́n?

Ìgbà náà ni mo rántí olùkọ́ wa ní jọ́gíráfì. Ẹ̀yin tí a jọ wà ní JSS 3, ẹ ó rántí ọ̀sán tó ya àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà sójú pátákó, tó kọ Jẹ́bà síbi tí odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé. Ọmọ tó kéré jù nínú wa na ọwọ́ sókè pé Lọ́kọ́ja ni. Gbogbo kíláàsì pa lọ́lọ́, a ń retí ẹgba. Olùkọ́ ṣí átíláàsì, ó wò ó, ó gbé dọ́sítà, ó nu Jẹ́bà kúrò, ó sì fún ọmọ náà ní ṣọ́ọ̀kì pé kó wá kọ Lọ́kọ́ja fúnra rẹ̀. Ó ní, "Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè." Ó sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Nígbà tí Ìṣẹ́gun pé, kí n tó ka ìbéèrè kankan, mo ní, "Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ṣì. Àlgéríà ni. Ìyá yìí ló gbà á." Mo ka ọgọ́ta pọ́n-ùn láti àpò ara mi, mo kó o fún un. Owó tí wọ́n ń san fún mi lálẹ́ kan kò tó bẹ́ẹ̀ o. Mo rò pé á ní kí n mú un padà. Rárá! Ó gbà á, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ó pé." Ẹ̀rín tún sọ, ṣùgbọ́n tọ̀tẹ̀ yìí, èmi náà bá wọn rín in. Títí dòní ni ìyá náà ń wá. Bó bá ti na ọwọ́ sókè báyìí, èmi ti ń ṣí ìwé.

Láti ìgbà náà, mo ń kọ ọdún sí ẹ̀gbẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, mo sì ń yẹ̀ ẹ́ wò níbi méjì kí n tó gbé e jáde. Ayé ń yí. Pílánẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án ni wọ́n kọ́ wa. Lọ́dún 2006, àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ yọ Pluto kúrò, ó ku mẹ́jọ. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa kan wà níhìn-ín tí wọ́n kọ Èkó nínú ìdánwò pé òun ni olú ìlú Nàìjíríà, tí wọ́n sì gbà á. Láti oṣù kejìlá ọdún 1991, Àbújá ni. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ kò purọ́ fún wa. Òtítọ́ ni Sùdáàn lọ́jọ́ tí ẹ kọ́ wa. Èmi ni mo gbàgbé pé ìmọ̀ dà bí àdá, à ń pọ́n ọn ni. Bí Sùdáàn bá ti bọ́ lọ́wọ́ mi, dọ́sítà ọjọ́ yẹn kò bọ́.

Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn, oúnjẹ ń tutù. Mo ní ogójì ìbéèrè nínú àpò mi. Tí a bá jẹun tán, ẹ jẹ́ kí àwọn olùkọ́ jókòó sí tábìlì kan, kí sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan jókòó sí tirẹ̀. Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni kí ẹnì kọ̀ọ̀kan dá. A ó kó owó náà fún láíbìrì ilé ìwé wa kí wọ́n fi ra átíláàsì tuntun. Ẹni tí a bá rán lọ rà á, kó bá wa wo ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kó tó sanwó o.

Bí mo bá sì ṣì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ na ọwọ́ sókè.

Ẹgbẹ́ wa kò ní tú. Àmọ́dún, gbogbo wa ni a ó jọ pé síhìn-ín.