Gbígbé Ojú Lọ sí Ìdí Àmì: Kámẹ́rà Aláìlókùn ní Pápá Ìyìnbọn Ọlọ́nà Jíjìn

Eré ìdárayá tí mo fẹ́ mú àpẹẹrẹ láti inú rẹ̀ lónìí kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa: kí èèyàn máa yìnbọn sí ojú àmì tó jìnnà réré. Àmọ́ ìṣòro tó ń bá àwọn tó ń ṣe é fínra, kò yọ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ rí ohun kékeré láti òkèèrè sílẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1860 ni ẹgbẹ́ National Rifle Association ibẹ̀ ṣe ìdíje wọn àkọ́kọ́ ní Wimbledon, Ọbabìnrin Victoria fúnra rẹ̀ ló sì yin ọta àkọ́kọ́. Ní 1890 wọ́n kó lọ sí Bisley, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà dòní. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣe tiwọn ní Camp Perry, ìpínlẹ̀ Ohio, láti 1907. Ọ̀nà tó gbajúmọ̀ níbẹ̀ ni 1,000 yáàdì, ìyẹn mítà 914. Lọ́jọ́ ìdíje, àwọn èèyàn máa ń wà nínú yàrà lábẹ́ pátákó àmì. Bí ọta bá ti kọjá lókè orí wọn, wọ́n á fa pátákó sílẹ̀, wọ́n á fi àmì sí ojú ihò, wọ́n á tún gbé e sókè kí ayìnbọn lè mọ ibi tí ọta rẹ̀ bà. Ẹni tó bá dá lọ ṣe ìdánrawò kò ní ẹni kankan nínú yàrà. Bí kò bá fẹ́ rin nǹkan bíi kìlómítà méjì lọ bọ̀ nítorí ihò kan, ó ní láti wá ọgbọ́n mìíràn.

Ọgbọ́n tó kọ́kọ́ máa ń sọ sí èèyàn lọ́kàn ni kó ra awò ńlá. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọta tó wọ́pọ̀ nínú eré yìí fẹ̀ tó mìlímítà 7.8, ihò rẹ̀ nínú ìwé sì máa ń kéré díẹ̀ sí i, nítorí ìwé máa ń sún padà lẹ́yìn tí ọta bá ti kọjá. Ojú tó dáa lè ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ bí àlàfo wọn bá tó ìdá kan nínú ọgọ́ta ti dígírì kan. Ní mítà 914, ìyẹn fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 27. Ìlọ́po márùndínlógójì ihò náà nìyẹn. Lórí ìwé, awò tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po ogójì, tí dígí iwájú rẹ̀ sì fẹ̀ ju mìlímítà 80 lọ, yóò ṣe é.

Afẹ́fẹ́ ni kò gbà. Ẹ wo títì Èkó sí Ìbàdàn lọ́sàn-án gangan, bí iwájú yín ṣe ń gbọ̀n tí ó ń dán bí omi. Ilẹ̀ ti gbóná, ó ti mú afẹ́fẹ́ tó sún mọ́ ọn gbóná. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fẹ́lẹ́ ju tútù lọ, ìmọ́lẹ̀ tó bá gba àárín àwọn méjèèjì kọjá sì ń tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ayìnbọn tó mọṣẹ́ máa ń ka gbígbọ̀n yẹn láti mọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ, ó wúlò fún un. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń wá ihò, bó bá ṣe ń mú àwòrán tóbi tó, bẹ́ẹ̀ náà ló ń mú gbígbọ̀n rẹ̀ tóbi. Owó ò lè ra afẹ́fẹ́ tó dúró jẹ́ẹ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ojú ni kí a gbé lọ sí ìdí àmì. Bí kámẹ́rà bá wà ní mítà díẹ̀ sí pátákó, ìmọ́lẹ̀ kò ní rìn jìnnà kó tó di àwòrán. Lẹ́yìn náà, àwòrán á di nọ́ńbà, rédíò á sì gbé nọ́ńbà náà kọjá. Ooru lè gbọ̀n títí, kò lè yí ihò padà mọ́; nọ́ńbà tó bá sọnù lọ́nà, rédíò á tún un rán.

Níbi kámẹ́rà, ìṣirò kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣì. Pátákó àmì 1,000 yáàdì ti Amẹ́ríkà jẹ́ mítà 1.8 níbùú àti lóròó. Kámẹ́rà tí wọ́n ń pariwo 1,920 rẹ̀ ní pixel (ẹyọ kékeré tó ń para pọ̀ di àwòrán) 1,080 péré lóròó, òró yìí ló sì ń pinnu nítorí pátákó náà dọ́gba. Pixel kan á dúró fún mìlímítà 1.7, ihò á gba mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ó tó, ṣùgbọ́n kò ṣẹ́kù. Ti 480, méjì ni ihò á gbà. Ẹni tó ń wò ó kò ní lè fọwọ́ sọ̀yà pé ihò ni. Ihò tó bá bọ́ sínú dúdú àárín àmì tún le láti rí ju èyí tó bọ́ sórí funfun lọ. Ẹ gbé kámẹ́rà sí ẹ̀gbẹ́ iwájú, sẹ́yìn irin tó nípọn tàbí àpò yanrìn, nítorí ọta tó bá kúrú máa ń ta òkúta. Àwòrán á wọ́ díẹ̀, kò séwu níbẹ̀.

Rédíò ni ó ń já ọ̀pọ̀ èèyàn kulẹ̀. Rédíò méjì tó dojú kọra wọn ni, irú ti Ubiquiti tàbí TP-Link tó wà lórí òrùlé níhìn-ín gẹ́lẹ́, tí wọ́n fi ń so íntánẹ́ẹ̀tì fún aráàlú. Èèyàn á gbé áńténà kalẹ̀ sórí koríko, á ní òun ń wo èkejì kòrókòró, síbẹ̀ àwòrán á máa já. Augustin Fresnel, ọmọ Faransé tó kú ní 1827, ti fi hàn wá pé ìgbì kì í rìn bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ó nílò àyè yíká ojú ọ̀nà rẹ̀, àyè náà sì máa ń fẹ̀ jù lọ ní àárín. Ní 2.4 gigahertz, fún mítà 914, àyè yẹn ga tó mítà 5.3 láti àárín ọ̀nà. Ní 5.8 gigahertz, ó jẹ́ mítà 3.4. A máa ń fẹ́ kí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ mọ́ kedere. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, òpó mítà 3.2 nìyẹn fún ti àkọ́kọ́, mítà méjì péré fún ìkejì. Bí kò bá sí igi lójú ọ̀nà, 5.8 ni mo fara mọ́. Kí òpó náà jìnnà sí ojú ọ̀nà ọta, kí wáyà gùn dé ìdí kámẹ́rà.

Bátìrì inú UPS, volt 12, ampere-wákàtí 7, lè gbé wáàtì mẹ́wàá fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ lórí ìwé. Ẹ kà á sí mẹ́rin, nítorí bí ẹ bá ń lò ó kọjá ìlàjì, kò ní pẹ́ bàjẹ́.

Àwòrán á pẹ́ díẹ̀ kó tó dé. Èyí kò ṣe nǹkan kan: ọta fúnra rẹ̀ ń lo ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ lójú ọ̀nà, ihò kò sì ní sá lọ. Ohun tó le ni mímọ ihò tuntun láàárín ogún ihò àtijọ́. Níbẹ̀, ọgbọ́n àwọn awòràwọ̀ wúlò. Ní 1930, Clyde Tombaugh ń fi àwòrán ojú ọ̀run méjì ṣe pàṣípààrọ̀ lójú ara rẹ̀ léraléra ní Lowell Observatory, ìpínlẹ̀ Arizona. Ohun tó rí tó kúrò láyè rẹ̀ ni Pluto. Kọ̀ǹpútà lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àwòrán ìṣáájú àti ti ìsinsìnyí: ohun gbogbo á dúró, ihò tuntun á máa ṣẹ́jú.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ ra ìbọn. Òfin ilẹ̀ wa kò gba ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ láyè láti ní in, ẹ̀kọ́ yìí kò sì nílò rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ka pátákó ìdíwọ̀n omi létí odò nígbà òjò, láìfi ẹsẹ̀ wọ ẹrẹ̀, irin iṣẹ́ kan náà ni yóò lò. Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ ẹ̀ka ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́, ẹ má fi rédíò sílẹ̀ sínú yàrá ìwádìí, níbi tí méjèèjì ti wà lórí tábìlì kan. Ẹ gba ògbólógbòó méjì lọ́wọ́ àwọn tó tú wọn kúrò lórí òrùlé, kí ẹ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí pápá. Ẹ fi pẹ́ńsù dá ihò sí ìwé, mìlímítà méje náà ni. Kí wọ́n jókòó ní mítà 900, kí wọ́n ka iye ihò tó wà níbẹ̀ fún yín.