Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀ Kì í Pa Arọ: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìmúrasílẹ̀ Ilé àti Àdúgbò

 

Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ gbé lé àwa ìgbìmọ̀ ìrànwọ́ lọ́wọ́ ni pé kí a sọ̀rọ̀ lórí bí ìdílé kọ̀ọ̀kan ṣe lè gbára dì de ọjọ́ ìṣòro, àti bí àwa tí a jọ ń gbé àdúgbò ṣe lè jọ kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ náà kò ní ìwé ńlá nínú. Ọ̀rọ̀ omi, oúnjẹ, iná, àìsàn àti kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí wà nínú rẹ̀.

Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti dé Kánò ní 1911 ni àwọn baba wa ti ń bá a wá: àwọn akọ̀wé, àwọn oníṣòwò obì, àwọn aránṣọ àti oníṣẹ́ ọwọ́ gbogbo. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó jókòó síhìn-ín, Kánò ni wọ́n bí wa sí, ibẹ̀ náà ni a bí ọmọ sí. Síbẹ̀, bí ẹni tó wà ní ìdálẹ̀ ni a ń ṣe. Ilé tí a kọ́ sílé ni a fi igi gidi kàn lórùlé. Èyí tí a ń gbé níbí, a ní kí a ṣì máa lò ó bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tó burú nínú kí ọmọ fẹ́ràn ilé baba rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìṣòro bá dé lóru òní, ìrìn odidi ọjọ́ kan ló wà láàárín wa àti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà tàbí Ìjẹ̀bú. Kí ẹ̀gbọ́n tó gbọ́, kí àbúrò tó wọkọ̀, ẹni tó wà ní yàrá kejì ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ igbe wa. Òun gan-an ni ẹbí àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ ká rántí díẹ̀ nínú ohun tí ojú ti rí. Ní oṣù Kẹjọ 1988, dáàmù Bagauda ya, omi sì sọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ di aláìnílé ní ìpínlẹ̀ Kánò. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹta 2016, iná jó ọjà Sabon Gari. Ṣọ́ọ̀bù tó lé ní 3,800 ló bá a lọ. Iná náà kò bi ẹnikẹ́ni pé ọmọ ibo ni ọ́. Ní oṣù Kẹrin 2020, nígbà àrùn Kòrónà, ìjọba ní kí gbogbo Kánò jókòó sílé. Ẹni tó ń ra gaàrí ní kóńgò kan-kan lójoojúmọ́ mọ ohun tí ojú òun rí. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti Gánà dé kò sì ní gbàgbé oṣù Kọkànlá 1969, nígbà tí ìjọba ibẹ̀ fún àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọjọ́ 14 péré láti kẹ́rù kúrò. Iṣẹ́ ogún ọdún, ẹrù ọ̀sẹ̀ méjì.

Àwọn kan yóò sọ pé, ‘Ẹ má pe ibi wá. Ẹni tó ń pèsè sílẹ̀ de aburú, aburú ló ń ránṣẹ́ sí.’ A gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa, àwa náà kì í fi ẹnu wa pe ibi. Ṣùgbọ́n ẹni tó mú agboòrùn jáde kò pe òjò. Ẹni tó gbàdúrà alẹ́ kí olè má wá, òun náà ló ń ti ilẹ̀kùn kó tó sùn. Àdúrà dára, ilẹ̀kùn náà dára. Àwọn baba wa tí wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ kò sọ pé ogun náà kò ní dé. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé arọ tó gbọ́ ti tètè gbéra.

Ọ̀nà wo wá ni ká gbà? Kò ṣe àjèjì sí wa. Nílé, àwọn baba wa ní àárò: ọ̀rẹ́ bíi mélòó kan á jọ ro oko ẹnì kan lónìí, ti ẹnì kejì lọ́la, títí yóò fi kárí. Wọ́n ní ọ̀wẹ̀, wọ́n ní èsúsú. A mú èsúsú wá sí ìdálẹ̀, a fi àárò sílẹ̀ sóko. Àbá wa ni pé kí a mú un padà. Kí ìdílé mẹ́wàá-mẹ́wàá tó súnmọ́ra di ẹgbẹ́ kan, ì báà jẹ́ Yorùbá, Haúsá, Ìgbò tàbí Nupe. Kí wọ́n máa pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù ní ilé ẹnì kan, fún wákàtí kan péré. Kí ẹni tó mọ ohun kan kọ́ àwọn yòókù: nọ́ọ̀sì tó wà láàárín wa kọ́ wa ní ti àìsàn, ẹni tó ń ta gáàsì kọ́ wa ní ti gáàsì, oníṣẹ́ iná mànàmáná fi wáyà tó ti gbó hàn wá, ìyá àgbà kọ́ àwọn ìyàwó kéékèèké bí a ṣe ń tọ́jú oúnjẹ kó má bàjẹ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ní ìpàdé kọ̀ọ̀kan, kí kálukú dá iye tí agbára rẹ̀ ká, kí a fi ra ohun ìmúrasílẹ̀ fún ilé kan. Lẹ́yìn oṣù mẹ́wàá, yóò ti kárí.

Ohun márùn-ún ni a rò pé ó yẹ ká fi bẹ̀rẹ̀.

Èkíní ni omi. Ní ìlú yìí, ọjọ́ tí ẹ̀rọ omi bá dá tàbí tí mairuwa kò bá jáde ni a máa ń mọ̀ pé omi kò sí nílé. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ẹnì kan bá nílò lítà mẹ́ta fún mímu lóòjọ́, ilé ẹni mẹ́fà nílò lítà 18, ìyẹn lítà 54 fún ọjọ́ mẹ́ta. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méjì kò tó. Mẹ́ta ni kí a tọ́jú, ká dé e dáadáa, ká máa lò ó ká sì máa pààrọ̀ rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì tí a ti fi ṣe epo bẹntiróòlù tàbí oògùn apakòkòrò rí kò gbọdọ̀ gba omi mímu láéláé.

Èkejì ni oúnjẹ. Ẹni tó ń gbé Kánò kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọ̀wọ́n tòmátì bá òun lójijì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí tòmátì bá pọ̀ lọ́jà, ẹ rẹ́ ẹ, ẹ sá a sóòrùn lórí ohun mímọ́, ẹ da àwọ̀n bò ó nítorí eṣinṣin. Bẹ́ẹ̀ náà ni ata àti ilá, orúnlá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jẹ́ oúnjẹ wa. Ní ti ẹ̀wà, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, ẹ rọ ọ́ kún inú kẹ́ẹ̀gì dé ẹnu, ẹ dé e pinpin, ẹ má sì ṣí i fún oṣù bíi méjì. Kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀ kò ní rí afẹ́fẹ́ mí, yóò kú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da oògùn apakòkòrò sí ẹ̀wà. Ohun tó pa kòkòrò lè pa ọmọ.

Ẹ̀kẹta ni iná, òun ni a sì fẹ́ dúró lé lórí jù, nítorí ọyẹ́ ìlú yìí kì í fi iná ṣeré. Bí epo bá gbiná nínú ìkòkò, ẹ má da omi sí i, ẹ má sì gbé e sáré. Ẹ pa sítóòfù, ẹ dé ìkòkò náà, kí ẹ fi sílẹ̀ títí yóò fi tutù. Sílíńdà gáàsì, ìta ni kó máa gbé. Ẹ fi omi ọṣẹ pa ọ̀pá rẹ̀ lára: bí ó bá ń hó, ó ń jò nìyẹn. Bí ẹ bá gbóòórùn gáàsì nínú ilé, ẹ má tan iná, ẹ má sì pa èyí tó wà ní títàn, ẹ má ṣáná. Ẹ ti ẹnu sílíńdà bí ẹ bá lè dé ibẹ̀, ẹ ṣí fèrèsé, kí gbogbo ilé bọ́ síta. Epo bẹntiróòlù tí a ń tọ́jú sábẹ́ ibùsùn nítorí ọ̀wọ́n epo, ikú ni a ń tọ́jú. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ nínú ilé, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tàbí lẹ́bàá fèrèsé. Afẹ́fẹ́ olóró tó wà nínú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn. Ẹni tó bá ń sùn kò ní mọ̀ títí ẹ̀mí yóò fi bọ́.

Ẹ wá wo ilé wa ní Sabon Gari. Yàrá dojú kọ yàrá, ilẹ̀kùn ìta kan ṣoṣo, irin sì wà lójú fèrèsé gbogbo nítorí olè. Bí iná bá sọ ní aago méjì òru, níbo ni kọ́kọ́rọ́ géètì wà? Bí ó bá wà lábẹ́ ìrọ̀rí onílé tó lọ sí òde òkú ńkọ́? Kí a gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́ ibi tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Kí irin fèrèsé kan, ó kéré tán, ṣeé ṣí láti inú. Kí garawa iyanrìn méjì wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ká sì bi ara wa ní ìbéèrè kan lónìí kí a tó túká: ta ni yóò gbé ìyá àgbà tó wà ní yàrá ẹ̀yìn? Bí ìdáhùn bá jẹ́ ‘gbogbo wa ni,’ kò sẹ́ni tí yóò gbé e. Ẹ fi orúkọ sí i. Kí ẹni náà mọ̀, kí ìyá náà mọ̀.

Ẹ̀kẹrin ni àìsàn. Ní 2021, àrùn onígbáméjì pa ẹni tó lé ní 3,000 ní Nàìjíríà. Ẹni tó ń ṣu tó ń bì, ẹ má fi omi dù ú. Gbígbẹ tí omi ń gbẹ lára rẹ̀ ló ń pa á. Ẹ mú lítà omi mímọ́ kan, ẹ fi ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà sí i àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀, kí ojú ṣíbí tẹ́jú, ẹ rò ó pọ̀, ẹ máa fún un mu díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Iyọ̀ kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún ni ìwé àti orúkọ. Ìwé ẹ̀rí, ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ, ìwé ilẹ̀, ẹ kó wọn sínú ọ̀rá kan tí omi kò lè wọ̀, kí ẹ̀dà wọn wà lọ́dọ̀ ẹbí nílé. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù àwọn ènìyàn yín sínú ìwé, nítorí fóònù máa ń kú. Nọ́ńbà pàjáwìrì 112 kò gba owó, kí ọmọ ilé gbogbo mọ̀ ọ́n lórí. Kí ìdílé mẹ́wàá kọ̀ọ̀kan ní ìwé tó sọ ẹni tó lóyún, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran, ẹni tó ń dá gbé, àti ibi tí gbogbo wọn yóò ti pàdé bí ilé kò bá ṣeé wọ̀. Bí ìlú bá sì dàrú, ẹ má tẹ̀lé àhesọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ mai-unguwa àti aládùúgbò yín. Àwọn àgbà wa mọ̀ pé ní ọjọ́ líle, ilé ẹni tí kì í ṣe ẹ̀yà wa ti gba ọmọ wa mọ́ra rí, bẹ́ẹ̀ ni ilé tiwa náà ti gba ọmọ wọn.

A mọ̀ pé gbọ̀ngàn ńlá ni a fẹ́ kọ́ pẹ̀lú owó ìfilọ́lẹ̀ yìí, ó sì wù wá. Ohun tí àwa ìgbìmọ̀ ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí omi inú kànga ẹ̀rọ àti táǹkì ṣáájú àga olówó ńlá. Kí àkàbà gígùn, ohun ìpaná àti àpótí ìtọ́jú ọgbẹ́ ṣáájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Gbọ̀ngàn tí a bá kọ́ báyìí, ọjọ́ ìgbéyàwó yóò wúlò, ọjọ́ ìṣòro yóò sì gba ẹni tó sá wá. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ ilé tí ẹ̀kọ́ oṣù tó ń bọ̀ yóò ti wáyé, tábìlì àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ forúkọ sílẹ̀ kí ẹ tó lọ.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Iná kò ní jó wa, omi kò ní gbé wa lọ, a kò ní fi ara wa ṣòfò ní ìdálẹ̀. Iṣẹ́ wa yóò lérè, a ó sì fi ẹsẹ̀ ayọ̀ wọlé. Àmín.