Omi Iyọ̀, Fóònù àti Ìwé Ìdìbò: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Ọ̀dọ́ Yorùbá ní Orhuwhorun



Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, nígbà tí àrùn Ebola ti wọ Èkó, ọ̀rọ̀ kan tàn ká orí fóònù lóru pé kí oníkálukú fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí ó sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí pé iyọ̀ ni oògùn àrùn náà. Ìyá ń pe ọmọ, ẹ̀gbọ́n ń jí àbúrò. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ 15 oṣù náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé omi iyọ̀ ti pa ènìyàn méjì, ó kéré tán, ní Nàìjíríà. Àwọn tó pín ọ̀rọ̀ náà, ìfẹ́ ẹbí ló sún ọ̀pọ̀ wọn ṣe é. Ẹni tó fẹ́ràn ará ilé rẹ̀ jù ló tètè pè wọ́n jù.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ìbò rí. Ní ọdún 2018, bí ìbò 2019 ti ń súnmọ́lé, wọ́n ní Ààrẹ Muhammadu Buhari ti kú, pé ará Sudan kan tí ń jẹ́ Jibril ló jókòó sípò rẹ̀. Àhesọ náà rìn títí Ààrẹ fi ní láti fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn níwájú àwọn ọmọ Nàìjíríà ní orílẹ̀-èdè Poland, ní oṣù Kejìlá ọdún náà, pé òun gan-an ni. Yálà olùdìbò fẹ́ràn rẹ̀ tàbí kò fẹ́ràn rẹ̀, iṣẹ́ tó ṣe àti èyí tí kò ṣe ló yẹ kí wọ́n máa jíròrò lé lórí lásìkò yẹn.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n kò bá ọjọ́ ìbò mu. Bí òtítọ́ bá dé ní ọjọ́ Ajé, tí wọ́n sì ti dìbò tán ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, irọ́ ti jẹ èrè rẹ̀ lọ.

Ewu náà tún wúwo fún Yorùbá tó ń gbé ní ìjọba ìbílẹ̀ Udu. Àárín àwọn Urhobo ni ẹ wà, ọjà kan náà, ilé ẹ̀kọ́ kan náà. Nígbà tí wàhálà Warri bẹ́ sílẹ̀ ní 1997 lórí ibi tí olú ilé ìjọba ìbílẹ̀ Warri South West yóò wà, ẹsẹ̀ ni àhesọ fi ń rìn, nítorí fóònù alágbèéká kò tíì dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù. Lónìí, ohùn ẹnìkan tí kò dárúkọ, tó ní àwọn Yorùbá ti gbìmọ̀ báyìí, tàbí pé àwọn onílẹ̀ fẹ́ lé àlejò kúrò ní ibùdó ìdìbò, lè dé ẹgbẹ̀rún fóònù kí ọbẹ̀ tó hó lórí iná. Ẹni tó bá gba irú rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ pe ẹni tó mọ̀ ní àdúgbò tí wọ́n dárúkọ. Owó ìpè kan kò tó nǹkan. Òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti ọdún 2015 kò sì fojú rere wo ẹni tó mọ̀ pé irọ́ ni, tó sì fi í dá rògbòdìyàn sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ní ìmọ̀ tí ọ̀pọ̀ òbí yín kò ní. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń fi Google wá orísun àwòrán; èyí tí wọ́n ní ó ṣẹlẹ̀ ní Ughelli lánàá lè jẹ́ ti orílẹ̀-èdè mìíràn láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ẹ wo déètì, ẹ wo ẹni tó kọ ọ́. Dubawa àti Africa Check wà fún irú àyẹ̀wò yìí, dátà díẹ̀ ni yóò ná yín. (Kí òtítọ́ má baà fara pamọ́: àwọn àgbà tí ń kọ “bí ó ṣe tẹ̀ mí lọ́wọ́” sí ìdí ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó tì í síwájú kò sàn ju ọmọdé lọ. Gbólóhùn yẹn kò wẹ ẹnikẹ́ni mọ́.)

Èsì ìbò ló le jù. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2023, èsì ìbò ààrẹ kò tètè hàn lórí IReV, ìkànnì tí INEC ṣe fún wíwo èsì, oríṣiríṣi iye ìbò tí kò ní orísun sì kún àlàfo náà. Ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní EC60E, tí ó yẹ kí òṣìṣẹ́ INEC lẹ̀ mọ́ ibùdó ìdìbò lẹ́yìn tí wọ́n bá ka ìbò tán. Ẹ dúró dè é. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ kí ó hàn kedere, kí ẹ sì fi wé èyí tí INEC bá gbé sórí IReV. Bí iye méjèèjì kò bá dọ́gba, ẹ gbé àwòrán náà fún aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú yín ní ibùdó náà, kí ẹ má ṣe gbé e sórí Facebook kí ó tó rí i. Àpapọ̀ èsì, ẹnu ọ̀gá tí INEC yàn láti kéde rẹ̀ nìkan ni kí ẹ ti gbọ́ ọ.