Kí A Tó Dáhùn, Ẹ Jẹ́ Kí A Yẹ Ìbéèrè Wò

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ẹ̀kọ́ ti ẹ̀ka wa

  

Gbogbo yín lẹ ti gbọ́ pé àwọn máníjà fẹ́ kó àwọn olùṣèwádìí wọlé. Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé wa kò ju ojú ewé kan lọ. Ohun tí wọ́n kọ sí orí rẹ̀ ni pé àwọn fẹ́ wádìí ìdí tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń pẹ́ dé tí iṣẹ́ fi ń dínkù. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ojú kì í tètè dé, wọ́n ní àbájáde rẹ̀ ni àwọn yóò fi mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ lọ bí ó bá di pé kí a dín òṣìṣẹ́ kù. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti ń múra àwíjàre sílẹ̀: ọ̀nà kò dára, ọmọ ń ṣàìsàn, bọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ kò wá. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Ẹni tó bá ti ń wí àwíjàre ti gbà pé òun ni ẹjọ́ kàn. Ta ló sọ pé ọ̀dọ̀ wa ni ẹjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀?

Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò lónìí nìyí. Nínú ìwádìí lórí iṣẹ́ àti òwò, gbólóhùn tí a kọ sókè ìwé, èyí tó sọ ohun tí ìṣòro jẹ́, òun ló ń pinnu ibi tí a óò wò àti ibi tí a kò ní wò. Bí a bá kọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ ń pẹ́ dé, ìwé tí òṣìṣẹ́ fi ń wọlé ní géètì ni wọn yóò yẹ̀ wò. Kò sí ẹni tí yóò béèrè pé wákàtí mélòó ni mẹ́síìnì fi dúró nítorí pé iná lọ, tàbí nítorí pé ohun èlò kò tíì dé láti ilé ìkẹ́rù. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Àwọn tó ń kọ́ni ní ìwádìí a máa sọ pé kí a ya àmì àìsàn sọ́tọ̀ kúrò lára àìsàn. Ara gbígbóná kì í ṣe àìsàn fúnra rẹ̀. Ibà lè fà á, egbò lè fà á, ẹ̀yìn ìgbà tí a bá mọ èyí tó fà á ni oògùn tó wà. Iṣẹ́ tó dínkù ní ṣọ́ọ̀bù, ara gbígbóná ni. Ẹni tó bá rí i tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá òṣìṣẹ́ dúró, ẹ bá mi sọ fún un pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé Amẹ́ríkà, ní ilé-iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Hawthorne, ní ìlú Cicero lẹ́bàá Chicago. Western Electric ló ni ín, ohun èlò tẹlifóònù ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ní 1924 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan tó ti di ìtàn ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ òwò. Ìbéèrè wọn kò le: bí iná bá mọ́lẹ̀ sí i ní ṣọ́ọ̀bù, ṣé iṣẹ́ yóò pọ̀ sí i? Wọ́n fi iná kún un, iṣẹ́ pọ̀. Wọ́n dín iná kù, iṣẹ́ kò dínkù. Nígbà kan wọ́n dín in débi pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ìmọ́lẹ̀ òṣùpá lọ, síbẹ̀ àwọn obìnrin méjì tó wà nídìí iṣẹ́ náà ń bá a lọ. Títí di 1927 ni wọ́n fi ń wá nídìí iná ohun tí kò sí níbẹ̀.

Nígbà tó yá wọ́n yí ìbéèrè padà. Wọ́n mú obìnrin 5 tó ń to irin kéékèèké inú ẹ̀rọ tẹlifóònù pọ̀, àti ẹnìkan tó ń gbé irin náà fún wọn, wọ́n kó wọn sí yàrá ọ̀tọ̀. Wọ́n fún wọn ní ìsinmi ráńpẹ́ láàárín iṣẹ́, wọ́n fún wọn ní ìpápánu, wọ́n dín wákàtí kù. Iṣẹ́ ń pọ̀ sí i. Wọ́n gba gbogbo oore wọ̀nyí padà fún ìgbà díẹ̀, iṣẹ́ kò padà sí bó ti wà tẹ́lẹ̀. Ni Elton Mayo, ọ̀jọ̀gbọ́n láti Harvard, àti àwọn tó bá a ṣe é bá sọ pé owó kọ́ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà, pé àkíyèsí tí a fún òṣìṣẹ́ àti bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń bá ara wọn gbé ni. Ìwé ńlá tí Roethlisberger àti Dickson kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1939. Inú àwọn máníjà dùn sí i púpọ̀, ẹ̀yin náà sì mọ ìdí rẹ̀: ẹ̀rín músẹ́ kò wọ́n tó owó oṣù.

Ẹni tó bá ka ìwé yẹn nìkan, ibẹ̀ ni yóò dúró sí. Àgbọ́ẹjọ́ẹnìkan-dá, òṣìkà èèyàn. Ní 1967, Alex Carey, onímọ̀ kan ní Ọsirélíà, padà lọ ka ohun tí àwọn yẹn kọ sílẹ̀. Ó tọ́ka sí i pé nígbà tí àwọn obìnrin 5 náà wọ yàrá wọn, owó wọn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé iye iṣẹ́ tí àwọn 5 ṣe, kò tẹ̀lé ti ogunlọ́gọ̀ èèyàn ní ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ní oṣù kìíní 1928, wọ́n yọ 2 nínú wọn kúrò nítorí pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ jù, wọn kò sì gbọ́ràn tó, wọ́n sì fi 2 mìíràn rọ́pò wọn. Àwọn kan tún wà lọ́tọ̀ tó jẹ́ pé ọ̀nà ìsanwó wọn nìkan ni wọ́n yí padà, tí wọn kò fún wọn ní oore mìíràn. Iṣẹ́ tiwọn náà fi bí ìdá 12 sí 13 nínú 100 pọ̀ sí i, nígbà tí wọ́n sì dá ìsanwó padà sí bó ti wà, iṣẹ́ já wálẹ̀. Inú ìwé 1939 yẹn kan náà ni Carey ti rí nǹkan wọ̀nyí. Kò sí ẹni tó fi wọ́n pamọ́. Ìbéèrè tí àwọn tó kọ ọ́ gbé lọ́wọ́ ni kò jẹ́ kí wọ́n kà á sí.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe dúró níbẹ̀ nítorí pé ọ̀rọ̀ Carey dùn mọ́ wa. Ní 1978, Franke àti Kaul fi ìṣirò tún iye iṣẹ́ àwọn obìnrin náà yẹ̀ wò. Wọ́n ní ohun tó ṣiṣẹ́ jù ni ìbáwí láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá, ọ̀dá owó tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1929, àti àsìkò ìsinmi. Ti ìsinmi yẹn dára. Ìbáwí àti ọ̀dá owó kò dùn létí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rárá, ṣùgbọ́n bí a bá fi wọ́n pamọ́, máníjà yóò mú wọn jáde lọ́jọ́ ìpàdé, ojú yóò sì tì wá. Ẹni tó ń yẹ ohun tí àwọn èèyàn ti kọ wò kì í ka ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan.

Kí n tó kúrò ní Hawthorne: láàárín 1931 sí 1932, wọ́n kó ọkùnrin 14 jọ sí yàrá mìíràn, wọ́n ń wò wọ́n. Wọ́n rí i pé àwọn ọkùnrin náà ti fẹnu kò láàárín ara wọn lórí iye iṣẹ́ tó tó fún òòjọ́, ẹni tó bá sì ń sáré jù, wọn a fi ẹ̀ṣẹ́ gbá a lápá. Wọ́n ń bẹ̀rù pé bí iṣẹ́ bá pọ̀ jù, wọn yóò gé iye owó tó wà lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọ̀mọ̀wé kọ ojú ewé púpọ̀ lórí èyí. N kò rò pé ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu nínú yín tó ti ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń ka ẹyọ sanwó rí.

Ẹ̀yin awakọ̀, mo rí yín lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, n kò gbàgbé yín. Ní London lẹ́yìn ogun Hitler, dókítà Jerry Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ mọ̀ bóyá irú iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe ní nǹkan í ṣe pẹ̀lú àrùn ọkàn. Bọ́ọ̀sì alájà méjì pọ̀ ní London nígbà náà. Awakọ̀ a jókòó, kọ̀ńdọ́kítọ̀ a máa gun àtẹ̀gùn lọ sókè sódò láti gba owó. Ẹ wo bí wọ́n ṣe gé ìbéèrè náà: ọkọ̀ kan náà, ilé-iṣẹ́ kan náà, ojú títì kan náà, jíjókòó àti gígùn-sọ̀kalẹ̀ ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Wọ́n wo bí 31,000 ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ èrò, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 35 sí 64. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde nínú ìwé àwọn dókítà tí ń jẹ́ Lancet ní 1953 ni pé àrùn ọkàn kéré lára kọ̀ńdọ́kítọ̀ ju ti awakọ̀ lọ, bó bá sì mú wọn, kì í le tó ti awakọ̀. Bó bá jẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ sókè ìwé pé "ìdí tí awakọ̀ kò fi mọ ara rẹ̀ tọ́jú", ẹ̀yin náà mọ ibi tí ìdáhùn ì bá já sí.

Wọn kò dúró síbẹ̀ o. Bóyá àwọn tó ti sanra láti ilẹ̀ ló ń yan iṣẹ́ awakọ̀? Wọ́n lọ sí ibi tí wọ́n ti ń pín aṣọ iṣẹ́, wọ́n wo ìwọ̀n ìbàdí ṣòkòtò àwọn èèyàn náà. Ní 1956 wọ́n kọ ọ́ jáde pé ìbàdí awakọ̀ tóbi ju ti kọ̀ńdọ́kítọ̀ lọ, kódà láàárín àwọn ọ̀dọ́ inú wọn. Èyí dín agbára ọ̀rọ̀ wọn àkọ́kọ́ kù díẹ̀, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì sọ ọ́ síta. Irú olùṣèwádìí bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ràn. Ẹ sì ṣàkíyèsí pé ìwé ìpín ṣòkòtò ni wọ́n fi ṣe é. Ìwé tó ṣe pàtàkì lè wà ní gáréèjì láti ọjọ́ pípẹ́, kí ẹnikẹ́ni má tíì ṣí i wò.

Ní ilé tiwa ńkọ́? Láyé àwọn òyìnbó amúnisìn, ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni pé òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú kì í ṣiṣẹ́ tó. Ní 1961, Peter Kilby, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò nínú Economic Journal, Nàìjíríà ni ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ. Ohun tó sọ ni pé bí iṣẹ́ bá kéré, kí a kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ṣètò iṣẹ́ náà àti bí wọ́n ṣe ń bójú tó o, kí a tó di ẹ̀bi ru òṣìṣẹ́. Ó ti lé ní 60 ọdún báyìí. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n tún gbé wá bá wa lójú ewé kan, bí ẹni pé kò sí ẹni tó ti fọwọ́ kàn án rí. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ìwé tí T. M. Yesufu kọ ní 1962 lórí àjọṣe òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ ní Nàìjíríà wà. Àbọ̀ ìgbìmọ̀ Morgan tó jókòó ní 1963 sí 1964 lórí owó oṣù, èyí tí ìyanṣẹ́lódì oṣù kẹfà 1964 dá lé lórí, wà pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìgbìmọ̀ Adébọ̀ ní 1970 sí 1971. Mélòó nínú wa ló ti rí èèpo ẹ̀yìn wọn?

Ẹ má bẹ̀rù ilé-ìkàwé. Bí ẹ bá mú ìwé ìwádìí kan, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó sanwó rẹ̀. Ẹ wo iye èèyàn tí wọ́n wò, nítorí obìnrin 5 kì í ṣe gbogbo ayé. Ẹ wo ohun tí wọ́n fi wé ohun tí wọ́n wò, àti ọdún tí wọ́n ṣe é; Chicago 1927 kì í ṣe ibi tiwa, ẹ má ṣe gbé e wá síbí lódindi. Lẹ́yìn náà ẹ fi àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn kò bára mu kojú ara wọn. Ibi tí wọ́n ti ń jà, tàbí ibi tí gbogbo wọn fò kọjá, ibẹ̀ ni iṣẹ́ tiwa wà.

Ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ti kọ ìbéèrè tí a fẹ́ kí ẹ̀ka yìí fi lélẹ̀. Ó lọ báyìí: láàárín oṣù 3, nínú gbogbo wákàtí tí mẹ́síìnì kò fi ṣiṣẹ́, mélòó ló jẹ́ nítorí òṣìṣẹ́ tí kò tíì dé, mélòó ló jẹ́ nítorí iná, mélòó nítorí ohun èlò, mélòó nítorí ẹ̀rọ tó bàjẹ́? Àti pé nínú àwọn tó pẹ́, mélòó ló wà ní ibùdókọ̀ tó ń dúró de bọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́? Ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ fẹ́ kí a kọ ọ́ pé báwo ni àwọn máníjà ṣe ń fìyà jẹ wá. Inú mi ì bá dùn sí i. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ìdáhùn ti wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ìbéèrè, ọ̀gá ni ó kọ ọ́ tàbí àwa ni a kọ ọ́. Ó ṣeé ṣe kí iye tí a óò rí fi hàn pé àwọn kan nínú wa ń pẹ́ lóòótọ́ láìsí ìdí kan. Ó sàn kí a fi ọwọ́ ara wa kà á ju kí a gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn lọ.

Ìwé àkọsílẹ̀ méjì wà lórí tábìlì níwájú akọ̀wé, ọ̀kan fún ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan fún gáréèjì. Láti ọ̀la, ẹni tó bá jẹ́ aṣojú nídìí iṣẹ́ àárọ̀, ti ọ̀sán àti ti òru yóò máa kọ ọjọ́, aago tí mẹ́síìnì dúró, aago tó tún bẹ̀rẹ̀, àti ohun tó dá a dúró. Ti gáréèjì yóò máa kọ aago tí bọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ jáde àti aago tó dé. Ẹ má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i.