Ọkọ̀ Tí Ó Rìn Láìsí Awakọ̀

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní gbọ̀ngàn ìlú níbi Ìpàdé Ọdọọdún Ẹgbẹ́ wa

 

Nígbà tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ kọ ìwé sí mi pé kí n wá bá yín sọ̀rọ̀, ó ní kí n mú kókó ọ̀rọ̀ tí ó bá wù mí. Kò sí ẹni tí ó wà níhìn-ín tí kò mọ èyí tí ó yẹ kí n mú. Ní ìpàdé ọdún tí ó kọjá, ọkọ̀ mi ni ó yí láti iwájú gbọ̀ngàn yìí sọ̀kalẹ̀ lọ sí ẹnu ọjà, tí ó wó àtẹ aláta méjì, tí ó sì kán ọmọ ọdún mẹ́wàá kan lẹ́sẹ̀. Ọmọ náà ti ń rìn báyìí, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta gbáko ni kò fi lè lọ sí ilé-ìwé. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀ nínú ilé wọn. Mo tún tọrọ rẹ̀ níwájú gbogbo yín lónìí. Mo ti san owó ìtọ́jú, mo sì ti san owó ata. Ohun tí ó kù tí mo jẹ ìlú ni àlàyé.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó wí nígbà náà pé ọwọ́ ayé ni. Àwọn mìíràn ní mo gbàgbé láti fa háńbíréèkì. Kì í ṣe ọwọ́ ayé, bẹ́ẹ̀ ni n kò gbàgbé. Mo fà á. Ọkọ̀ náà dúró ṣinṣin nígbà tí mo jáde, mo tilẹ̀ fi ọwọ́ tì í wò. Ó tó bí ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà, nígbà tí a ń ka ìròyìn owó lọ́wọ́, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Èyí ni ó rú mi lójú, tí mo fi lọ jókòó ti mẹkáníìkì mi ní odidi ọjọ́ kan.

Ohun tí ó fi hàn mí nìyí. Ọkọ̀ mi ní bíréèkì pẹlẹbẹ ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, èyí ni pé irin pẹrẹsẹ kan wà tí ó ń bá táyà yí, nǹkan méjì sì wà tí ń fún un mọ́ àárín, bí ìgbà tí ènìyàn fi ìka méjì mú owó kọ́bọ̀. Okùn irin lásán ni háńbíréèkì. Bí a bá fà á, òun ni ó ń fún nǹkan méjèèjì náà mọ́ irin. Ní ọjọ́ náà, láti Èkó ni mo ti ń wakọ̀ bọ̀, mo sì ń tẹ bíréèkì lemọ́lemọ́ ní gbogbo ìdàgẹ̀rẹ̀ tí ó wọ ìlú wa. Irin náà gbóná janjan. Irin tí ó bá gbóná a máa wú, bí ó bá sì tutù a máa sún kì. Mo fa háńbíréèkì nígbà tí irin wú. Nígbà tí ó tutù tí ó sún kì, ọwọ́ tí ó dì í mú dẹ̀. Jíà ọkọ̀ sì wà ní òfo. Kò sí ohun mìíràn tí ó dì í mú.

Àwọn awakọ̀ àtijọ́ kì bá tí jẹ́ kí irú èyí ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wọ ọkọ̀ Bedford onípákó ní nǹkan bí ọdún 1950 sí 1960 yóò rántí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ tí í máa fò sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró tán, tí yóò gbé igi lọ́wọ́, tí yóò sì sáré fi í di ẹsẹ̀ táyà. A máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí a wà ní ọmọdé. Ṣùgbọ́n igi kì í sún kì bí ó bá tutù.

Nítorí náà, bí a bá gbé ọkọ̀ sí orí òkè, kí ohun tí yóò dì í mú ju ẹyọ kan lọ. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ onífọwọ́yí-jíà, bí ó bá ti fa háńbíréèkì tí ó sì ti pa ẹ́ńjìnnì, kí ó fi jíà sí ẹyọ kìíní bí imú ọkọ̀ bá kọ sí òkè, tàbí kí ó fi sí ti ìpadàsẹ́yìn bí imú ọkọ̀ bá kọ sí ìsàlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni yóò wá di táyà mú. Kí ó sì rántí rẹ̀ nígbà tí ó bá padà dé, kí ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì kí ó tó ṣáná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọkọ̀ yóò fò síwájú bí ẹṣin tí a ta lẹ́gba.

Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín ń yí jíà fúnra rẹ̀, mo mọ̀ pé ẹ ti ń wí lọ́kàn pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín, nítorí pé ẹ ní lẹ́tà P. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí P jẹ́. Ehín irin kékeré kan ni, tí ó ń bọ́ sí àárín ehín irin mìíràn nínú àpótí jíà. Gbogbo ìwọ̀n ọkọ̀ náà lórí òkè ni ẹ gbé lé ehín kan. Bí ẹ bá ti ń gbọ́ “gbà!” nígbà tí ẹ bá yọ ọkọ̀ kúrò ní P ní òwúrọ̀, igbe ehín náà ni ẹ ń gbọ́. Ohun tí ó tọ́ ni kí a tẹ bíréèkì ẹsẹ̀, kí a fi jíà sí N, kí a fa háńbíréèkì, kí a wá rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò títí ọkọ̀ yóò fi jókòó lé háńbíréèkì. Lẹ́yìn èyí kí a tún tẹ bíréèkì, kí a tó fi jíà sí P. Bí ó bá jẹ́ pé bọ́tìnnì ni háńbíréèkì ọkọ̀ yín, ẹ wo iná rẹ̀ kí ẹ tó jáde.

Kí a sì rí i dájú pé P ni P. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, ọ̀dọ́mọkùnrin òṣèré kan, Anton Yelchin, ẹni ọdún 27, jáde nínú ọkọ̀ Jeep rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Los Angeles. Ìdàgẹ̀rẹ̀ ni ibẹ̀. Ọkọ̀ náà yí bọ̀, ó sì fún un mọ́ ọ̀wọ̀n ẹnu ọ̀nà títí ó fi kú. Jíà irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń padà sí àárín lẹ́yìn tí a bá ti yí i, tí ó fi ṣòro fún awakọ̀ láti mọ ibi tí ó wà. Kódà àwọn tí ó ṣe é ti kéde ní oṣù méjì ṣáájú pé kí a dá irú rẹ̀ tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ padà wá fún àtúnṣe.

Ó tún ku ohun kan tí ì bá gba ọmọ yẹn sílẹ̀ bí mo bá ti ṣe é, kì bá sì ná mi ní kọ́bọ̀. Èyí ni yíyí sítíárìn kí n tó jáde. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni a ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún ní Nàìjíríà, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún ni etí títì máa ń wà bí a bá gbé ọkọ̀ kalẹ̀. Bí imú ọkọ̀ bá kọ sí ìsàlẹ̀, ẹ yí táyà iwájú sí ọ̀tún. Bí imú rẹ̀ bá kọ sí òkè, tí pèpéle kọnkéré sì wà ní etí títì, ẹ yí i sí òsì, kí ẹ̀yìn táyà lè fi ara ti pèpéle náà bí ọkọ̀ bá fẹ́ sún. Bí kò bá sí pèpéle, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ibi ní ìlú wa, ọ̀tún ni kí ẹ yí i sí nígbà méjèèjì, kí ọkọ̀ lè bọ́ sí gọ́tà dípò kí ó bọ́ sí àárín títì. Ẹnìkan ti bi mí pé tani yóò fẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ bọ́ sí gọ́tà. Èmi náà, mo wí fún un. Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù, òsì ni ẹ̀yin ń gbà, nítorí náà ẹ yí ohun tí mo wí yìí padà. Òdì rẹ̀ gan-an ni tiyín.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni ó jẹ́ pé bí a bá yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, sítíárìn a há, kí olè má baà lè tọ́ ọ. Ohun rere ni, ṣùgbọ́n ikú ni fún ẹni tí ó bá yọ kọ́kọ́rọ́ nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń rìn. Àwọn awakọ̀ wa kan sì wà tí í máa pa ẹ́ńjìnnì ní ìdàgẹ̀rẹ̀ nítorí kí epo má baà tán. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, sítíárìn a le, bíréèkì a sì le lẹ́yìn tí a bá ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé ẹ́ńjìnnì ni ó ń bá ẹsẹ̀ wa ṣe iṣẹ́ náà. Epo tí a rí tọ́jú kò tó owó pósí.

Mo sì ń wo ìdì kọ́kọ́rọ́ tí àwọn kan nínú wa ń gbé kiri: ti ilé, ti ṣọ́ọ̀bù, ti ilé Èkó, ti àpótí, àti ìṣígò pẹ̀lú. Ní ọdún 2014, ilé-iṣẹ́ General Motors ní Amẹ́ríkà pe ọkọ̀ kéékèèké tí ó tó mílíọ̀nù 2.6 padà, nítorí pé ibi tí a ń ki kọ́kọ́rọ́ sí dẹ̀, tí ìwúwo ìdì kọ́kọ́rọ́ tàbí kí orúnkún gbá a lè yí i kúrò ní ipò rẹ̀ lórí ìrìn. Ẹ́ńjìnnì a kú, àpò afẹ́fẹ́ tí ó yẹ kí ó wú láti gba ènìyàn kò sì ní wú. Ikú ènìyàn 124 ni a san owó lé lórí. Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yín sọ́tọ̀.

Àwọn ọkọ̀ ìgbàlódé kò tilẹ̀ ní ihò kọ́kọ́rọ́ mọ́. Bọ́tìnnì ni a ń tẹ̀, kọ́kọ́rọ́ a sì wà nínú àpò. Ẹ́ńjìnnì wọn kì í pariwo, nítorí náà ènìyàn lè jáde kí ó gbàgbé pé kò tíì pa á. Ní Amẹ́ríkà, ó ju ènìyàn 20 lọ tí ó ti kú báyìí kí ó tó di ọdún 2018, púpọ̀ nínú wọn àgbàlagbà. Wọ́n gbé ọkọ̀ sí ilé ọkọ̀ tí ó lẹ̀ mọ́ ibi tí wọ́n ń sùn, wọ́n fi í sílẹ̀ kí ó máa ṣiṣẹ́, èéfín carbon monoxide tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn sì bá wọn lórí ibùsùn. Àwa nílé mọ èéfín yìí nípa jẹnẹrétọ̀. Ọ̀kan náà ni.

Kí ẹni tí ó ní ọkọ̀ oníbọ́tìnnì kọ́ bí a ti ń pa á nígbà ewu pẹ̀lú. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2009, ní ìtòsí San Diego, ẹsẹ̀ epo ọkọ̀ Lexus kan há, ènìyàn mẹ́rin sì kú sínú rẹ̀. Bọ́tìnnì ọkọ̀ náà kì í pa ẹ́ńjìnnì lórí ìrìn àfi bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Kí a kọ́kọ́ fi jíà sí N, kí a tẹ bíréèkì gidigidi, kí a yà sí ẹ̀gbẹ́. Ìyókù wà nínú ìwé tí ó bá ọkọ̀ wá, èyí tí ọ̀pọ̀ wa kò ṣí rí.

Ní ti olè, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Nínú orí kọ́kọ́rọ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni ẹ̀rọ kékeré kan wà tí ń bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀ ní àṣírí. Bí ọkọ̀ kò bá gbọ́ ohùn rẹ̀, kò ní ṣáná. Láti oṣù kẹwàá ọdún 1998 ni òfin ti fi dandan lé e fún ọkọ̀ tuntun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí a má ṣe jẹ́ kí oníṣẹ́ kankan yọ ọ́ dànù nítorí pé kọ́kọ́rọ́ kejì wọ́n. Bí a bá sì fẹ́ kí a fi bọ́tìnnì ìkọ̀kọ̀ pa ọ̀nà epo, kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ṣe é, kí ó má baà já lórí ìrìn. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlú Òyìnbó, àwọn olè ibẹ̀ a máa dúró ní ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀rọ méjì, wọn a fi gba ohùn kọ́kọ́rọ́ tí ó wà nínú ilé yín dé ọ̀dọ̀ ọkọ̀. Ẹ máa fi kọ́kọ́rọ́ sínú agolo irin tí ó ní ìdérí; kí ẹ sì gbé agolo náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ láti dán an wò.

Ṣùgbọ́n ohun tí ń ti olè mọ́ ìta lè ti ọmọ mọ́ inú. Àwọn ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan wà tí ó jẹ́ pé bí a bá tì wọ́n lẹ́ẹ̀mejì láti ìta, a kò lè ṣí wọn láti inú mọ́. Ooru inú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa sì lè fi nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 10 ga láàárín ìṣẹ́jú 10, bí a tilẹ̀ ṣí gíláàsì díẹ̀. Ìyá mi, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fi ọmọ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ pé ẹ fẹ́ sáré ra ẹran. Ọkọ̀ tí ó bàjẹ́ tí a gbé sí ẹ̀yìnkùlé pàápàá, ẹ máa tì í, nítorí àwọn ọmọ tí ń ṣeré ìfarapamọ́.

Ààrẹ, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí Ẹgbẹ́. Ilẹ̀ tẹ́jú kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé ìwòsàn, koríko ni ó bò ó. Bí a bá ro ó, gbogbo ọkọ̀ tí ó bá wá sí ìpàdé lè wà níbẹ̀, kí orí òkè yìí ṣófo fún àwọn ọlọ́jà. Èmi yóò san owó àwọn tí yóò ro ó.

Ọkọ̀ mọ́kànlá ni mo kà ní iwájú gbọ̀ngàn nígbà tí mo ń wọlé, méjì péré ni a yí táyà wọn. Kábíyèsí, bí ẹ bá yọ̀ǹda, kí a tó jẹun, kí gbogbo ẹni tí ó gbé ọkọ̀ wá bá mi jáde, kí n fi ohun tí mo wí hàn wọ́n lórí ilẹ̀. Mo gbẹ́ igi ìdí táyà méjìlá wá láti Èkó. Ẹ má ṣe jẹ́ kí n gbé wọn padà.